Ta Ni Yóò Kọ́kọ́ Wọlé? Ìtàn Ẹrù Èrò àti Ètò Wíwọ Ọkọ̀ Òfurufú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹni tó bá dúró ní pápákọ̀ òfurufú, tó ń wo bí àwọn èrò ṣe ń tò láti wọ ọkọ̀, lè rò pé ọ̀rọ̀ ìlà lásán ni. Yóò gbọ́ tí wọ́n ń pe ìpín kìn-ín-ní, ìpín kejì, títí dé ìpín tó kẹ́yìn. Yóò sì rí i pé kò sí ẹni tó fẹ́ kẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni nọ́ḿbà ìjókòó oníkálukú ti wà lára ìwé tó mú dání, ọkọ̀ kò sì ní gbéra kí gbogbo wọn tó wọlé tán. Kí ni wọ́n wá ń dù? Bí a bá wo ọwọ́ wọn, a ó rí ìdáhùn. Àpótí ni wọ́n ń fà, ibi tí wọn yóò gbé e sí nínú ọkọ̀ ni wọ́n sì ń dù.

Ohun tó mú mi ronú sí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo ń lọ sí àpérò kan ní òkè òkun. Nínú àpò tí mo gbé lọ́wọ́ ni ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ mi wà, pẹ̀lú ìwé tí mo da ẹkún ìyàwó kọ sí. Ẹnu ìyá arúgbó kan ní ìlú wa ni mo ti gba ẹkún náà. Tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú ni mo rà, ìpín tó kẹ́yìn ni wọ́n sì fi mí sí. Nígbà tí mo fi máa dé ẹnu ọ̀nà ọkọ̀, wọ́n ní àyè ẹrù òkè orí ti kún. Wọ́n so ìwé pélébé mọ́ àpò mi, wọ́n gbé e lọ sí ikùn ọkọ̀. Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn tí mo gúnlẹ̀ ni àpò náà tó tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ìwé wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kò sí. Kí n tó padà délé, ìyá náà ti re ibi àgbà ń rè. Ọ̀rọ̀ ẹkún rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi títí di òní, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti lọ.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá ìdí rẹ̀ tí àpò kékeré kan fi lè di ohun àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ gbé kalẹ̀ níhìn-ín fún àǹfààní ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi.

Nígbà tí Wọ́n ń Wọn Èrò Pọ̀ Mọ́ Ẹrù

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 1919 ni ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Aircraft Transport and Travel bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ òfurufú gbé èrò lójoojúmọ́ láàárín Lọ́ńdọ̀nù àti Paris. Ọkọ̀ kékeré ni àwọn ọkọ̀ ìgbà náà, ẹ̀rọ wọn kò sì lágbára. Nítorí náà, ìwọ̀n ni ó ṣe pàtàkì jù lọ. Nígbà tí wọ́n dá Imperial Airways sílẹ̀ ní 1924, àti èrò àti ẹrù ni wọ́n ń gbé ka orí ìwọ̀n ní pápákọ̀ Croydon. Ẹni tó sanra àti ẹni tó kó ẹrù púpọ̀, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú awakọ̀. Èrò kò pọ̀ nígbà náà, kò sì sí ìdí fún ẹnikẹ́ni láti sáré wọlé.

Bí ọkọ̀ ṣe ń tóbi sí i, wọ́n fi èrò sílẹ̀, wọ́n ń wọn ẹrù nìkan. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àṣà tó gbilẹ̀ ni pé kí èrò tó san owó ìjókòó gbogbogbòò kó ẹrù 20 kílò lọ́fẹ̀ẹ́, kí àwọn tó wà ní ìjókòó ọlọ́lá kó 30. Irú àṣà ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ ni àwọn èrò ilẹ̀ wa náà bá pàdé, láti ìgbà WAAC tí àwọn ìlú mẹ́rin tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jọ dá sílẹ̀ ní 1946, títí dé ìgbà Nigeria Airways tó gba ipò rẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1958, tó sì kógbá sílé ní 2003. Ẹni tó bá ti dúró nídìí ìwọ̀n rí, tí ìwé àti gààrí àti èlùbọ́ wà nínú àpótí rẹ̀, mọ bí àyà ṣe ń já nígbà tí abẹ́rẹ́ ìwọ̀n bá ń mì.

Ìwé Pélébé Tó So Ẹrù Mọ́ Olúwa Rẹ̀

Ọ̀dọ̀ ọkọ̀ ojú irin ni ọkọ̀ òfurufú ti kọ́ bí a ṣe ń gba ẹrù lọ́wọ́ èrò. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 1882, John Michael Lyons, ará Moncton ní ilẹ̀ Kánádà, gba ìwé àṣẹ lórí ìwé pélébé alápá méjì tó ṣe é ya. Nọ́ḿbà kan náà ni wọ́n kọ sí apá méjèèjì: apá kan á wà lára ẹrù, apá kejì á wà lọ́wọ́ olúwa rẹ̀. Ìwé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ àpótí wa lónìí, ọmọ bíbí inú ìyẹn ni.

Òfin tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá ọdún 1929, àwọn ìjọba jọ fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Warsaw, ní ilẹ̀ Póláńdì. Ó pa á láṣẹ pé kí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú fún èrò ní ìwé fún ẹrù tó bá gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi ààlà sí iye tí yóò san bí ẹrù bá sọnù: 250 fáráńsì lórí kílò kọ̀ọ̀kan. Àdéhùn tuntun tí wọ́n ṣe ní Montreal ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 1999 ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń tẹ̀ lé báyìí. Nàìjíríà sọ ọ́ di òfin ilẹ̀ rẹ̀ nínú òfin ìrìnnà òfurufú ti 2006, ó sì tún fi sínú ti 2022.

Ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń rìnrìn àjò mọ ohun mẹ́ta nínú àdéhùn Montreal. Èkíní, ẹrù tó bá ti wọ ikùn ọkọ̀ wà lọ́rùn ilé-iṣẹ́. Bí ó bá bàjẹ́ tàbí tó sọnù níkàáwọ́ wọn, wọn yóò san owó rẹ̀ bí kò tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀bi wọn ni, àyàfi bí àbùkù bá ti wà lára ẹrù náà fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹrù tó wà lọ́wọ́ èrò, èrò ló ń ṣọ́ ọ. Ilé-iṣẹ́ kò ní san nǹkan àyàfi bí ẹ̀bi bá jẹ́ tiwọn. Èkejì, ẹrù tí kò bá dé lẹ́yìn ọjọ́ 21 ti di ẹrù tó sọnù. Bí ẹrù bá bàjẹ́, èrò gbọ́dọ̀ kọ ìwé ẹ̀sùn láàárín ọjọ́ 7 tó gbà á. Bí ó bá pẹ́ kó tó dé, láàárín ọjọ́ 21. Ẹni tó bá fi ẹnu nìkan ṣe àròyé ti pàdánù. Ẹ̀kẹta, owó tí wọn yóò san ní òpin. Láti ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 2024, òpin náà jẹ́ 1,519 lórí èrò kan, nínú owó ìṣirò tí Àjọ Owó Àgbáyé (IMF) ń lò, tí wọ́n ń pè ní SDR. Iye náà tó láti ra aṣọ àti bàtà mìíràn. Kò sí iye tí ó lè ra ohùn òkú padà.

Àpótí Bẹ̀rẹ̀ sí í Rìn

Nígbà tí ọkọ̀ Boeing 707 ti ilé-iṣẹ́ Pan Am bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín New York àti Paris ní oṣù Kẹwàá ọdún 1958, pẹpẹ lásán tí kò ní ìdérí ló wà lókè orí èrò. Fìlà, ẹ̀wù òtútù àti aṣọ ìbora ni wọ́n ń gbé sí i. Kò sí ẹni tó jẹ́ gbé àpótí síbẹ̀, nítorí bí ọkọ̀ bá mì, orí ẹlòmíràn ni yóò bọ́ sí. Ọkọ̀ ńlá Boeing 747, tó kọ́kọ́ gbé èrò láti New York lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 22 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1970, wà lára àwọn ọkọ̀ tó mú kí àyè òkè orí di àpótí onílẹ̀kùn. Bí ìlẹ̀kùn ti dé ni ẹrù tó wúwo náà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.

Ní ọdún 1970 yìí kan náà ni ará Amẹ́ríkà kan, Bernard Sadow, ronú pé ó yẹ kí àpótí ní ẹsẹ̀ tí ń yí. Ó gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1972. Okùn ni wọ́n fi ń fa tirẹ̀, bí ẹni ń fa ewúrẹ́, ó sì máa ń ṣubú ní ìyànà. Ní 1987, Robert Plath, awakọ̀ òfurufú ní ilé-iṣẹ́ Northwest, dá àpótí náà dúró ní òró, ó fi ẹsẹ̀ méjì sí ìdí rẹ̀ àti ọwọ́ gígùn tó ṣe é fà jáde sí orí rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ ni ó kọ́kọ́ ń tà á fún. Èrò rí i lọ́wọ́ wọn, ojú wọn sì wọ̀ ọ́.

Ohun kékeré ni ẹsẹ̀ àpótí lójú, ṣùgbọ́n ó yí ìrìn àjò padà. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó kó aṣọ ọ̀sẹ̀ kan nílò alárùú, kíá ni yóò sì gbé ẹrù náà fún ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kí ọrùn lè sinmi. Nísinsìnyí, ọmọdé lè fa àpótí náà láti ẹnubodè dé ìdí ìjókòó. Èrò ti wá di alárùú ara rẹ̀.

Ọdún 2008: Àlàbọrùn Di Ẹ̀wù

Ní Amẹ́ríkà, ìjọba ló ń pinnu owó ọkọ̀ òfurufú fún ogójì ọdún. Nítorí pé iye kan náà ni gbogbo wọn ń gbà, oúnjẹ àti ìtọ́jú ni àwọn ilé-iṣẹ́ fi ń fa èrò mọ́ra. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹwàá ọdún 1978, Ààrẹ Jimmy Carter fọwọ́ sí òfin tó tú wọn sílẹ̀ kí oníkálukú máa dá owó lé bó ṣe fẹ́. Owó ọkọ̀ wálẹ̀, àwọn mẹ̀kúnnù bẹ̀rẹ̀ sí í fò, àwọn ilé-iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibòmíràn tí owó lè gbà wọlé.

Ní 2008, epo rọ̀bì gbówó lórí kọjá 140 dọ́là lórí àgbá kan. Ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún ọdún náà, American Airlines kéde pé láti ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà, èrò tó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì yóò san 15 dọ́là lórí àpótí àkọ́kọ́ tó bá fẹ́ fi sí ikùn ọkọ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá mìíràn tẹ̀ lé wọn. Wọ́n ní ọ̀wọ́n epo ló fà á. Kí ọdún náà tó parí, owó epo ti já wálẹ̀ gidigidi, ṣùgbọ́n owó ẹrù kò kúrò níbẹ̀. Àwọn àgbà ní bí eré bí eré, àlàbọrùn ń di ẹ̀wù. Ní 2023, owó tí àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà pa lórí ẹrù nìkan lé ní 7 bílíọ̀nù dọ́là.

Kí ni èrò ṣe? Ohun tí ọlọ́gbọ́n yóò ṣe ni wọ́n ṣe. Bí ìsàlẹ̀ bá gbowó tí òkè jẹ́ ọ̀fẹ́, òkè ni wọ́n kó ẹrù lọ. Àyè òkè orí kò sì pọ̀ tó láti gba àpótí gbogbo èrò bí ọkọ̀ bá kún. Ibẹ̀ ni ìlà ẹnu ọ̀nà ti di ọjà. Ní 2010, Spirit Airlines bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó lórí ẹrù òkè orí pàápàá. Ní 2017, United ní kí ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì tó rẹlẹ̀ jù má ṣe lo òkè orí rárá lórí ọ̀pọ̀ ìrìn àjò rẹ̀. Ní 2018, Ryanair ti ilẹ̀ Yúróòpù kéde pé àwọn tó sanwó láti tètè wọlé nìkan ni yóò gbé àpótí ẹlẹ́sẹ̀ wọ inú ọkọ̀. Ẹni tó bá ní owó ipò nìkan ni wọ́n ń tà níbẹ̀ kò tíì wò ó dáadáa. Àyè ẹrù ló wà nínú ipò náà.

Ìlà Tó Yá àti Ìlà Tó Lówó

Ilé-iṣẹ́ tó kọ́kọ́ fi hàn pé ètò wíwọlé lè gba ilé-iṣẹ́ là ni Southwest Airlines, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ Texas ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà ọdún 1971. Ní 1972 owó tán lọ́wọ́ wọn, wọ́n ta ọ̀kan nínú ọkọ̀ mẹ́rin tí wọ́n ní. Kí ọkọ̀ mẹ́ta lè ṣe iṣẹ́ mẹ́rin, wọ́n pinnu pé ọkọ̀ kò gbọdọ̀ lò ju ìṣẹ́jú 10 lọ nílẹ̀ kó tó tún gbéra. Wọn kò yan ìjókòó fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ló ń kọ́kọ́ mú. Ọkọ̀ tó bá dúró sílẹ̀ kò pa kọ́bọ̀, gẹ́gẹ́ bí gbogbo awakọ̀ gáréèjì ti mọ̀.

Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ló gbà fún ìgbà pípẹ́ pé kí àwọn tó jókòó lẹ́yìn kọ́kọ́ wọlé ló yá jù. Ó jọ òótọ́ létí. Ní 2008, Jason Steffen, onímọ̀ nípa ìràwọ̀ ní Amẹ́ríkà, fi ìṣirò yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n dán an wò pẹ̀lú ènìyàn 72 nínú ọkọ̀ àfiṣàpẹẹrẹ tó ní ìlà ìjókòó 12, pípè wọ́n ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́ gba ìṣẹ́jú 6 àti ìṣẹ́jú-àáyá 54. Kí wọ́n kàn wọlé bó ṣe wù wọ́n, láìsí ètò, gba ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú-àáyá 44. Kí àwọn tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kọ́kọ́ wọlé, kí àwọn àárín tẹ̀ lé wọn, kí àwọn ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kẹ́yìn, gba ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú-àáyá 13. Ètò Steffen fúnra rẹ̀ gba ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú-àáyá 36. Nínú ètò yìí, ìlà kan máa ń wà láàárín èrò méjì tó tẹ̀ lé ara wọn kí oníkálukú lè ráyè gbé ẹrù rẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá jọ wà ní ojú kan, tí gbogbo wọn ń gbé àpótí sókè, ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́. Àwọn yòókù ń wò ó ni. Ẹrù ló ń dí ọ̀nà àárín ọkọ̀ jù lọ.

Bí a ti mọ ọ̀nà tó yá jù tó, kí ló dé tí wọn kò lò ó? Ó máa ń ya ìyá kúrò lára ọmọ, ọkọ kúrò lára ìyàwó. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí gbogbo ènìyàn bá wọlé ní ìrọ̀rùn, ta ni yóò tún sanwó láti ṣíwájú? United padà sí ètò ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́-fèrèsé ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́lá àti àwọn tó sanwó ṣì ń ṣíwájú rẹ̀. Ní 2024, American Airlines gbé ẹ̀rọ kan dé ẹnu ọ̀nà tó ń ké bí ẹnikẹ́ni bá wá kí wọ́n tó pe ìpín rẹ̀. Southwest pàápàá, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún yangàn pé òun kì í gbowó ẹrù, bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á lórí tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá rà láti ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 2025. Ètò ẹni-tó-kọ́kọ́-dé náà sì parí lọ́dọ̀ wọn ní ọjọ́ 27 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2026.

Ẹrù Tí Olúwa Rẹ̀ Kò Sí Nínú Ọkọ̀

Bí owó ti ń lé ẹrù sókè, ẹ̀rù ń lé òmíràn sísàlẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà ọdún 1985, àdó olóró nínú àpótí kan tí olúwa rẹ̀ kò wọ ọkọ̀ pa ènìyàn 329 nínú ọkọ̀ Air India 182 lórí òkun Àtìláńtíìkì. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1988, òmíràn tí wọ́n fi pamọ́ sínú rédíò alákásẹ́ẹ̀tì fọ́ ọkọ̀ Pan Am 103 lókè ìlú Lockerbie ní Scotland. Ènìyàn 270 ló kú, 11 nínú wọn sì jẹ́ ará ìlú náà. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ fi máa ń dúró kí wọ́n lè yọ àpótí ẹni tó forúkọ sílẹ̀ tí kò wọlé. Ẹni tó bá ń kùn nígbà náà, kó rántí àwọn òkú wọ̀nyí.

Lẹ́yìn tí ọwọ́ ọlọ́pàá tẹ àwọn kan ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 2006, tí wọ́n fẹ́ fi ohun olómi fọ́ ọkọ̀, ni òfin 100 mìlílítà dé. Ní ọ̀pọ̀ pápákọ̀, epo pupa àti oyin tí a kó fún ẹbí gbọ́dọ̀ wọ ikùn ọkọ̀. Ní ìdà kejì ẹ̀wẹ̀, bátìrì àfikún tí a fi ń gba iná sára fóònù kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, nítorí ó lè gbiná níbi tí ojú kò tó.

Ìkádìí

Ẹ̀kọ́ wo ni ìtàn yìí kọ́ wa? Ohun tí owó lè rà padà, ẹ jẹ́ kó lọ sí ikùn ọkọ̀ bí ipá yín bá ká owó rẹ̀. Òfin wà lẹ́yìn yín níbẹ̀, ẹ ó sì fi àyè òkè sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ohun tí owó kò lè rà, ìbáà jẹ́ ìwé ẹ̀rí, oògùn, ìwé àfọwọ́kọ tàbí ohùn àgbà tí ẹ gbà sílẹ̀, ẹ fi sínú àpò kékeré tí yóò gba abẹ́ ìjókòó iwájú yín, tí ẹnikẹ́ni kò ní gbà lọ́wọ́ yín lẹ́nu ọ̀nà. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ da ohùn náà kọ sórí ẹ̀rọ mìíràn, kí ẹ fi í sílẹ̀ ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́. Ohun tí n kò ṣe nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, ọkọ̀ òfurufú Japan Airlines kan forí sọ ọkọ̀ mìíràn ní pápákọ̀ Haneda ní Tokyo. Márùn-ún nínú àwọn mẹ́fà tó wà nínú ọkọ̀ kejì kú. Ọkọ̀ ńlá náà gbiná, ènìyàn 379 ló sì wà nínú rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ pariwo pé kí èrò fi ẹrù sílẹ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀. Gbogbo àwọn 379 ló jáde láàyè. Àpótí tí wọ́n ti tò fún, tí wọ́n ti wá àyè fún, gbogbo rẹ̀ jóná pátápátá. Bí ọjọ́ bẹ́ẹ̀ bá dé, ìyá tó sun ẹkún fún mi kò ní fẹ́ kí n padà sẹ́yìn nítorí ohùn òun. Ẹni tó bá wà láàyè ló lè tún lọ jókòó ti ìyá mìíràn, kó ní kó tún un sọ.